Ìwé Owó Ilé Ìwòsàn: Ẹni Tó Fúnra Rẹ̀ Tún Àṣìṣe Ṣe

Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ kan sọ níbi ìpàdé gbogboogbò ẹ̀ka wa

  

Ìgbìmọ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí lẹ́tà tí ilé ìwòsàn tí ń tọ́jú wa kọ sí ilé-iṣẹ́, tí wọ́n sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́. N kò ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà, nítorí ọ̀rọ̀ náà kò tíì parí. Ohun tó wà nínú lẹ́tà náà nìyí: ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá lọ fọ egbò lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, tí kò dé ọ̀dọ̀ dókítà rárá, wọ́n ti ń kọ ọ́ sínú ìwé owó pé dókítà ló yẹ̀ ẹ́ wò. Owó nọ́ọ̀sì kéré, owó dókítà pọ̀. Kò sí ẹni tó mú wọn. Kíláàkì wọn kan ló ń fi káàdì aláìsàn wé ìwé owó, tó sì rí i pé méjèèjì kò bára mu. Wọ́n wá kọ orúkọ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn sílẹ̀, ọjọ́ tí kálukú wá, àti iye tó lé. Wọ́n ní àwọn yóò dá a padà.

Bí lẹ́tà yìí ṣe dé, ohùn mẹ́ta ni mo ń gbọ́ láàárín wa. Ohùn kìíní ní, “Olè ni wọ́n, ẹ jẹ́ kí á lé wọn.” Ohùn kejì ní, “Owó kọ́ńpìnnì ni, kí ló kàn wá?” Ohùn kẹta kì í pariwo, ó rọra ń sọ ọ́ ni pé, “Òmùgọ̀ ni wọ́n. Ta ni ì bá mọ̀ bí wọn kò bá sọ?” Mo fẹ́ dá ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lóhùn lónìí, lẹ́yìn náà kí ẹ̀ka wa fẹnu kò sí ohun tí a ó ṣe.

OWÓ TA NI?

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí ohùn kejì, nítorí òun ló wọ́pọ̀ jù. Ẹ̀yin ará, owó kọ́ńpìnnì nìkan kọ́. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò adójútòfò ìlera tí a ń pè ní NHIS ní ọdún 2005, ìlànà tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ni pé kí ìdá 15 nínú 100 owó oṣù gangan, láì ka àlàwánsì mọ́ ọn, máa lọ sínú ètò náà: kí agbanisíṣẹ́ san 10, kí òṣìṣẹ́ san 5. Òṣìṣẹ́ yóò tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ san ìdá 10 nínú 100 owó oògùn. Ní ọdún 2022, òfin tuntun rọ́pò ti àtijọ́, orúkọ àjọ náà di NHIA, adójútòfò ìlera sì di dandan fún gbogbo ẹni tí ń gbé Nàìjíríà. Ní àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn, HMO ni wọ́n ń sanwó fún. Ní òmíràn ẹ̀wẹ̀, ilé-iṣẹ́ àti ilé ìwòsàn ló ń bára wọn ṣe é tààrà. Ọ̀nà yòówù tí owó náà ìbáà gbà, láti inú iṣẹ́ ọwọ́ wa ló ti ń jáde.

Ẹni tí kò bá gbà, kó rántí ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá jókòó pẹ̀lú àwọn ọ̀gá lórí àfikún owó oṣù. Ṣé ẹ mọ̀ pé lára ìwé tí wọ́n máa ń gbé sórí tábìlì ni iye tí wọ́n ná lórí ìtọ́jú wa? Wọ́n á ní, “Ẹ wò ó, owó tí ẹ ń béèrè, ẹ ti jẹ ẹ́ tán ní ilé ìwòsàn.” Bí ìwé owó bá lé, egbò tí nọ́ọ̀sì fọ̀ ni wọ́n fi ń dí wa lẹ́nu yẹn.

Ó tún kù. Ọ̀pọ̀ ètò HMO ló ní iye kan tí wọn kì í ná kọjá lórí òṣìṣẹ́ àti ìdílé rẹ̀ láàárín ọdún. Gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ sí orúkọ rẹ ló ń jẹ nínú iye náà. Bí àṣìṣe bá ti jẹ ẹ́ tán ní oṣù kẹsàn-án, tí ọmọ rẹ wá nílò iṣẹ́ abẹ ní oṣù kọkànlá, ojú fèrèsé ni wọ́n ti máa sọ fún ọ pé tìrẹ ti tán, kí o lọ wá owó wá. Lọ́jọ́ náà, ìwọ ni yóò gbé ọmọ dání, kì í ṣe kọ́ńpìnnì.

Ìwé owó tó ṣì sì lè mú kí káàdì aláìsàn pàápàá ṣì. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé o ti gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì tí o kò gbà, ọjọ́ tí irin bá tún gún ọ lẹ́nu iṣẹ́, dókítà mìíràn lè ka káàdì yẹn, kó ní kò yẹ kí o tún gbà á. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí ló kàn wá, ara rẹ̀ ló kàn.

ÀṢÌṢE ÀTI OLÈ

Ó kan ohùn kìíní, àwọn tó ní olè ni wọ́n. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ bí àṣìṣe ṣe ń wọ inú ìwé owó. Ènìyàn méjì ń jẹ́ orúkọ kan náà nínú ṣọ́ọ̀bù kan, owó ti ọ̀kan bọ́ sórí èkejì. Kíláàkì àárọ̀ ti kọ nǹkan sílẹ̀, kíláàkì alẹ́ kò mọ̀, òun náà tún kọ ọ́. Dókítà kọ oògùn, oògùn náà kò sí nílé, aláìsàn lọ rà á níta, síbẹ̀ ó ṣì wà nínú ìwé owó. Aláìsàn lo ọjọ́ mẹ́ta lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n kọ mẹ́rin nítorí wọ́n ka òwúrọ̀ tó ń lọ sílé mọ́ ọn. Níbi tí HMO ti ń san iye kan lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù, ó ṣàìsàn o, kò ṣàìsàn o, orúkọ ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, tàbí tó ti kú, tàbí tó ti lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn lè wà nínú ìwé fún ọ̀pọ̀ oṣù kí ẹnikẹ́ni tó yọ ọ́.

Gbogbo ìwọ̀nyí lè ti ọwọ́ olóòótọ́ ènìyàn wá. Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ mọ̀ pé ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ni í ṣèṣì. Kí ló wá ń sọ àṣìṣe di olè? Ẹ̀yin kọ̀ńdọ́kítọ̀, ẹ̀yin lẹ lè dáhùn. Bí o bá gbàgbé ṣéńjì èrò, ìgbàgbé ni. Ṣùgbọ́n bí o bá rántí nígbà tí èrò náà ṣì dúró ní ibùdókọ̀, tí o gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí o lu ara bọ́ọ̀sì pé kí dírẹ́bà máa lọ, ìgbàgbé ti tán níbẹ̀. Ọjọ́ tí ènìyàn bá mọ̀, tó sì dákẹ́, ọjọ́ náà ni àṣìṣe di olè.

Ilé ìwòsàn tó kọ lẹ́tà yìí mọ̀, kò sì dákẹ́. Bí kíláàkì owó oṣù bá dín ófátáìmù rẹ kù, tó wá bá ọ fúnra rẹ̀ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣèṣì, owó yín rèé,” ṣé wàá ní kí wọ́n lé e lọ? Wàá ka owó rẹ dáadáa ni, wàá sì béèrè bóyá ti oṣù tó kọjá náà pé. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí á ṣe sí wọn: kí á má lé wọn, kí á sì má gba ọ̀rọ̀ ẹnu láì ka owó.

BÍ WỌ́N ṢE Ń ṢE É NÍ AMẸ́RÍKÀ

Ọ̀rọ̀ irú èyí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti ṣe òfin lé e lórí, wọ́n sì ti ṣe ẹjọ́ lé e lórí. N kò sọ pé òfin wọn ni òfin wa. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni mo fẹ́ kí á mú.

Ní ọdún 1863, nígbà ogun abẹ́lé wọn, tí àwọn oníṣòwò ń ta ọjà tí kò dára fún ọmọ ogun, wọ́n ṣe òfin lòdì sí ẹni tó bá fi irọ́ gba owó ìjọba. Òfin náà ṣì wà. Òun ni wọ́n fi ń mú ilé ìwòsàn tó bá kọ ìwé owó irọ́ sí ètò ìlera ìjọba. Láti 1986, ẹni tó bá jẹ̀bi ń san ìlọ́po mẹ́ta ohun tí ìjọba pàdánù, pẹ̀lú owó ìtanràn lórí ìwé kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ láàárín ọjọ́ 30 tó mọ̀, kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, tó sì ran àwọn olùwádìí lọ́wọ́, ilé ẹjọ́ lè dín in kù sí ìlọ́po méjì. Láti 1998, ọ́fíìsì ọ̀gá olùyẹ̀wò ní ilé-iṣẹ́ ìlera ìjọba wọn ti la ọ̀nà kan sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wá sọ tẹnu rẹ̀ lórí ohun tó fara jọ rírú òfin. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ sábà máa ń san ìlọ́po kan àti ààbọ̀. Ní ti àṣìṣe lásán, tí kò sí ẹ̀tàn nínú rẹ̀, tí wọ́n sì tètè dá padà, iye tó lé náà ni.

Ẹ gbọ́ ìṣirò náà dáadáa: ìlọ́po kan, ìlọ́po kan àti ààbọ̀, ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́ta. Bí ẹnu bá ṣe ń pa mọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni owó ń gòkè sí i. Wọn kò fi ojú ẹni tí wọ́n mú wo ẹni tó wá fúnra rẹ̀.

Wọ́n tún fi gbèdéke sí i. Òfin wọn ti 2010 sọ pé ẹni tó bá ti mọ̀ pé owó ètò ìlera ìjọba tó lé wà lọ́wọ́ òun gbọ́dọ̀ dá a padà láàárín ọjọ́ 60. Ìlànà tí wọ́n ṣe ní 2016 fún Medicare, ìyẹn ètò ìlera àwọn àgbàlagbà, ní kí wọ́n wo ẹ̀yìn títí dé ọdún mẹ́fà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2025, ẹni tó bá ń fi òtítọ́ wádìí bí àṣìṣe náà ṣe pọ̀ tó lè rí ààyè gbà tó ọjọ́ 180 kí ọjọ́ 60 náà tó máa kà lọ. Wọ́n mọ̀ pé ìṣirò gba àkókò. Ohun tí wọn kò gbà ni kí ènìyàn jókòó lé owó olówó.

Ẹjọ́ kan wà tó yẹ kí gbogbo òṣìṣẹ́ mọ̀. Ní ìlú New York, ẹgbẹ́ àwọn ilé ìwòsàn kan wà tí wọ́n ń pè ní Continuum Health Partners. Láti 2009, àṣìṣe kọ̀ǹpútà kan láti ilé-iṣẹ́ adójútòfò mú kí wọ́n máa kọ ìwé owó tí kò yẹ sí Medicaid, ètò ìjọba fún àwọn tí owó kò tó lọ́wọ́ wọn. Títí dé ibẹ̀, àṣìṣe ni. Ní 2010, àwọn olùyẹ̀wé-owó ìpínlẹ̀ béèrè nípa díẹ̀ nínú ìwé náà. Ilé ìwòsàn ní kí òṣìṣẹ́ wọn kan wádìí rẹ̀. Ọkùnrin náà wádìí. Ní oṣù kejì 2011, ó fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá rẹ̀, ó to ìwé owó tó lé ní 900 sílẹ̀, iye wọn lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là, ó ní ó dà bí ẹni pé àwọn wọ̀nyí ló ṣì, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò sí i. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó tò sílẹ̀ ló jẹ́ gbèsè tòótọ́, òun náà sì ti sọ pé ó yẹ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń yọ owó náà, ó tó ọdún méjì kí ó tó tán. Ọkùnrin náà gbé ọ̀rọ̀ lọ sílé ẹjọ́, ìjọba sì dara pọ̀ mọ́ ọn. Ní oṣù kẹjọ 2015, Adájọ́ Edgardo Ramos sọ pé ọjọ́ tí wọ́n ti ta ilé ìwòsàn lólobó ni ọjọ́ 60 ti bẹ̀rẹ̀, pé kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ parí ìṣirò wọn. Ní 2016, ẹjọ́ parí sí mílíọ̀nù 2.95 dọ́là. Owó tó lé gan-an kò ju nǹkan bí 844,000 dọ́là lọ. Ó lé ní ìlọ́po mẹ́ta tí wọ́n san, lórí ohun tí ì bá jẹ́ ìlọ́po kan péré bí wọ́n bá ti tètè dá a padà.

TA LÓ MỌ̀?

Èyí ni mo fi ń dá ohùn kẹta lóhùn, àwọn tó ní ta ni ì bá mọ̀. Kíláàkì mọ̀. Kò sí ìwé owó tí òṣìṣẹ́ kan kò fi ọwọ́ kọ. Dókítà lè máà mọ̀, ọ̀gá lè máà mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó ti ìwé náà mọ̀, òun náà sì ní ọmọ tí ń lọ sílé ìwé àti iyàrá tí ń sanwó rẹ̀. Ibi tó bá ti jẹ́ pé ẹni tó rí àṣìṣe ni wọ́n máa lé, kò sí àṣìṣe tí a óò rí mọ́. Nítorí náà ni òfin Amẹ́ríkà náà fi ní kí wọ́n dá irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n sì san owó oṣù tó pàdánù fún un ní ìlọ́po méjì.

Ẹ jẹ́ kí á fi èyí sọ́kàn, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹni tó tún ọ̀rọ̀ yìí ṣe fún wa, òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gba káàdì ẹgbẹ́ wa.

OHUN TÍ MO FẸ́ KÍ Ẹ̀KA FẸNU KÒ SÍ

Èkíní, kí á má ṣe béèrè pé kí wọ́n lé ilé ìwòsàn yìí nítorí lẹ́tà tí wọ́n kọ. Bí a bá lé ẹni tó sọ òtítọ́, a ti kọ́ gbogbo àwọn tó kù pé kí wọ́n máa dákẹ́.

Èkejì, kí ìdápadà náà pé. Kí wọ́n wo ẹ̀yìn títí dé ọjọ́ tí àṣìṣe náà bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe oṣù tó bá wù wọ́n. Kí aṣojú ẹgbẹ́ wà níbẹ̀ tí wọ́n bá ń ṣí ìwé, ṣùgbọ́n kí ó má ka àìsàn ẹnikẹ́ni, nítorí àṣírí aláìsàn ni. Ọjọ́ àti iye owó ló kàn án. Kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n máa ṣe tí kò fi ní ṣẹlẹ̀ mọ́.

Ẹ̀kẹta, kí owó náà má pòórá sínú àpò kọ́ńpìnnì. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ san nínú rẹ̀, kí wọ́n dá tirẹ̀ padà fún un. Ẹni tí àṣìṣe jẹ nínú iye ọdún rẹ̀, kí wọ́n dá iye náà padà sí orúkọ rẹ̀. Èyí tó bá kù tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tí a óò jọ rí nígbà tí a bá jókòó lórí owó oṣù.

Ẹ̀kẹrin, kí ẹ̀ka kọ lẹ́tà sí ilé ìwòsàn náà pé a mọ rírì kíláàkì wọn, a sì retí pé ohun búburú kan kò ní ṣẹlẹ̀ sí iṣẹ́ rẹ̀ nítorí ohun tó rí.

TIWA ŃKỌ́?

N kò ní jókòó láì sọ èyí, bó tilẹ̀ lè dun àwọn kan. A kò lè ní kí ilé ìwòsàn fọ ọwọ́ kí tiwa sì wà ní dídọ̀tí. Àwọn kan wà nínú wa tí wọ́n ń fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù tí kò tíì sí ohunkóhun lórí rẹ̀, nítorí wọ́n ń kánjú padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn kan ń yá ọmọ aládùúgbò ní káàdì. Mo mọ̀ pé àánú ló ń ṣe yín, ṣùgbọ́n àìsàn ọmọ ọlọ́mọ ti wọ inú ìwé ọmọ tìrẹ nìyẹn, ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ sì lè wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn kan ń bẹ ilé oògùn pé kí wọ́n kọ oògùn sílẹ̀, kí wọ́n fún àwọn ní mílíìkì tàbí owó dípò. Ẹ jẹ́ kí ó tán láti òní lọ. Bí a bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí a bá gbé ìwé owó dání lọ bá ọ̀gá, òun náà yóò na ìwé tiwa sí wa.

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ kọ ọjọ́, ẹ kọ bóyá nọ́ọ̀sì ni tàbí dókítà, ẹ kọ oògùn tí wọ́n fún yín lọ́wọ́. Ẹni tí kò lè kọ, kí ọmọ rẹ̀ bá a kọ ọ́. Kí ẹ tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, ẹ ní kí wọ́n ka ohun tó wà níbẹ̀ fún yín. Bí kò bá bára mu, ẹ má pariwo mọ́ kíláàkì, ẹ má sì pè é lólè. Ẹ sọ fún un ní pẹ̀lẹ́ kí ó lè tún un ṣe. Bí ó bá kọ̀, ẹ gbé ìwé kékeré náà wá bá aṣojú yín ní ṣọ́ọ̀bù tàbí ní gáréèjì.

Alága, mo gbé ìpinnu mẹ́rin náà kalẹ̀ níwájú ilé. Mo bẹ ẹni tó bá fara mọ́ ọn kí ó dìde tì í lẹ́yìn, ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn, kí ó dìde sọ ìdí rẹ̀, kí á jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni a óò bá àwọn ọ̀gá jókòó lórí lẹ́tà yìí, ohun tí ẹ bá fẹnu kò sí lónìí ni a óò gbé lọ.